Àrùn Tí Ń Pààrọ̀ Ẹ̀wù: Ìtàn Yínrùnyínrùn ní Òkè Ọya

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè kìn-ín-ní ní gbogbo ayé tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun kan, èyí tí ń dènà oríṣi márùn-ún nínú kòkòrò àrùn yínrùnyínrùn lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe àpọ́nlé lásán ni ó gbé wa dé ipò kìn-ín-ní yìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ọdún 2023 títí di ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ọdún 2024, ènìyàn 1,742 ni a fura sí pé àrùn náà ti mú ní ìpínlẹ̀ méje, èyíinì ni Adamawa, Bauchi, Gombe, Jigawa, Katsina, Yobe àti Zamfara. 153 nínú wọn sì ti kú. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó ni a kọ́kọ́ ń gbé omi fún.

Ìròyìn ayọ̀ ni ìròyìn abẹ́rẹ́ yìí, ó sì yẹ kí a yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ìtàn àrùn náà ní ilẹ̀ wa yóò yọ̀ tìṣọ́ratìṣọ́ra. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí a ti ń bá a jà, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti rò pé a ti ṣẹ́gun rẹ̀. Ohun tí ìtàn náà ń fi kọ́ wa ni pé ìmọ̀ lè wà kí ó má ṣe ẹni tí ó nílò rẹ̀ láǹfààní, bí kò bá tètè dé abúlé kí ọyẹ́ tó dé ibẹ̀. Èyí ni ó mú wa gbé ìtàn náà yẹ̀ wò lónìí.

Àwọn ará Òkè Ọya kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ júwe àrùn yìí fún wọn. Sankarau ni àwọn Hausa ń pè é. Ibà ńlá ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú orí fífọ́ líle àti èébì. Ìmọ́lẹ̀ a sì máa ni aláìsàn lára. Láìpẹ́, ọrùn yóò le gan-an, tó bẹ́ẹ̀ tí aláìsàn kò ní lè tẹrí ba kí àgbọ̀n rẹ̀ kan àyà. Lára ọmọdé, gìrì lè tẹ̀ lé e. Bí a kò bá tọ́jú ẹni tí ó ní in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdajì nínú wọn ni yóò kú. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó máa ń jà, láti ìgbà tí ọyẹ́ bá ti dé ní oṣù kejìlá títí di ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa.

Kòkòrò tí ó ń fa irú rẹ̀ tí ó máa ń di àjàkálẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Meningococcus ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Inú imú àti ọ̀nà ọ̀fun ènìyàn ni ó ń gbé. Ikọ́, sísín àti ìfẹnukẹnu ni ó sì fi ń ti ara ẹnì kan bọ́ sí ara ẹlòmíràn. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń gbé e kiri ni kì í ṣe ní ibi kankan, wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà lára àwọn. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ó máa ń já awọ inú imú wọ inú ẹ̀jẹ̀. Láti ibẹ̀, ọ̀nà méjì ni ó lè gbà. Ó lè bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ibi awọ tí ó bo ọpọlọ àti ògóóró ẹ̀yìn, kí ó mú kí ó wú. Èyí ni ó ń mú kí ọrùn le. Ó sì lè dúró sínú ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó máa bí sí i níbẹ̀.

Ọ̀nà kejì yìí ni ó burú jù. Kòkòrò náà a máa tú májèlé láti ara èèpo rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Májèlé yìí a máa mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ máa jò. Agbára ìṣàn ẹ̀jẹ̀ yóò lọ sílẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yóò tutù nígbà tí àyà ṣì gbóná. Nínú àwọn iṣan tín-ín-rín, ẹ̀jẹ̀ yóò máa dì. Lábẹ́ awọ ara, yóò máa dà. Nígbà náà ni àmì pípọ́n tàbí àmì àlùkò yóò yọ sí ara, èyí tí kì í parẹ́ bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Lára ènìyàn dúdú, àmì yìí ṣòro láti rí. Àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ àti inú ìpéǹpéjú ni kí a ti wá a. Ọmọ tí ó ń ṣeré ní òwúrọ̀ lè ti wà ní bèbè ikú kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ó bá sì yè, ìka ọwọ́, ìka ẹsẹ̀, tàbí odidi ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ lè kú, kí ó sì di dandan láti gé e.

Kò tí ì pẹ́ púpọ̀ tí ayé fi mọ gbogbo èyí. Ní ọdún 1805 ni oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Gaspard Vieusseux kọ ìròyìn àjàkálẹ̀ àrùn náà tí ó jà ní ìlú Geneva, ní ilẹ̀ Switzerland. Ìròyìn yìí ni àwọn òpìtàn ìṣègùn kà sí àkọ́kọ́ tí ó yanjú. Ní ọdún 1887, ní ìlú Vienna, Anton Weichselbaum rí kòkòrò náà nínú omi tí ó yí ọpọlọ àti ògóóró ẹ̀yìn àwọn aláìsàn ká. Ní ọdún 1911, Rupert Waterhouse, oníṣègùn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ní ọdún 1918, Carl Friderichsen ará ilẹ̀ Denmark, ṣe àpèjúwe àwọn ọmọdé tí àrùn inú ẹ̀jẹ̀ yìí pa kíákíá, tí a sì rí i lẹ́yìn ikú wọn pé ẹ̀jẹ̀ ti dà sínú àwọn ẹ̀yà ara kékeré méjì tí ó jókòó lé kíndìnrín lórí. Orúkọ àwọn méjèèjì ni a fi ń pe irú ikú bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn títí di òní.

Ní ilẹ̀ wa, Zungeru ni àkọsílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú yìí ni olú-ìlú ìjọba amúnisìn ní Òkè Ọya nígbà náà. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún 1905, àrùn náà jà níbẹ̀, oníṣègùn ìjọba sì kọ ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìwé àwọn oníṣègùn ní ìlú London. Láàárín ọdún 1906 sí 1908, ó jà ní apá àríwá ilẹ̀ tí à ń pè ní Gáńà lónìí. Ẹ kíyè sí oṣù tí a kọ sílẹ̀ ní Zungeru: oṣù kejì àti oṣù kẹta, àárín gbùngbùn ẹ̀ẹ̀rùn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni àrùn yìí ti fi kàlẹ́ńdà rẹ̀ hàn wá. Kò fi ara pa mọ́.

Nígbà náà, oníṣègùn kò ní ohun púpọ̀ lọ́wọ́ láti fi bá a jà. Ní ilẹ̀ Jámánì àti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kòkòrò náà sí ara ẹṣin, kí wọ́n lè yọ omi inú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin náà láti fi ṣe oògùn. Ní ọdún 1913, Simon Flexner ti ìlú New York kéde àbájáde ìtọ́jú nǹkan bí 1,300 aláìsàn: àrùn tí ó ń pa bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́rin tẹ́lẹ̀ ti dín kù sí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta. Ohun ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n oògùn inú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin kì í ṣe ohun tí ó rọrùn láti gbé dé abúlé tí kò ní ọ̀nà.

Ìyípadà ńlá dé ní àárín ọdún 1935 sí 1940, nígbà tí àwọn oògùn sulfonamide jáde. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí gbogbo ènìyàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ̀ sí M and B. Oògùn oníkóró ni, kò wọ́n, ẹnikẹ́ni sì lè gbé e nínú àpò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni pẹnisílíìnì dé. Nígbà tí àjàkálẹ̀ ńlá jà ní Òkè Ọya ní ọdún 1949 àti 1950, oògùn ti wà láti fi gba ẹ̀mí là. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ìjà náà ti parí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míràn ni. Ní ọdún 1963, nínú àgọ́ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, a rí i pé kòkòrò náà ti ń gbé oògùn sulfonamide mì láìkú. Láìpẹ́, irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ tàn ká ayé.

Ní ọdún 1963 yìí kan náà ni oníṣègùn ológun ará Faransé kan, Léon Lapeyssonnie, tẹ ìwádìí ńlá jáde nípasẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ó fi hàn pé àjàkálẹ̀ yínrùnyínrùn kì í jà káàkiri Áfíríkà láìní ààlà. Ó ní ilẹ̀ tirẹ̀, ilẹ̀ gbọọrọ kan tí ó wà láàárín aṣálẹ̀ àti igbó, níbi tí òjò ọdún kan ti wà láàárín mìlímítà 300 sí 1,100. Ó pe ilẹ̀ yìí ní ìgbànú yínrùnyínrùn. Gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí, ìgbànú náà bẹ̀rẹ̀ láti Sẹ̀nẹ̀gàl ní ìwọ̀-oòrùn, ó sì dé Etiópíà ní ìlà-oòrùn. Òkè Ọya wà láàárín rẹ̀. Eruku ọyẹ́ àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ a máa ṣá awọ inú imú àti ọ̀fun. Òtútù òru a sì máa kó àwọn ènìyàn jọ sínú yàrá kan. Báyìí ni ọ̀nà ṣe ń là fún kòkòrò láti wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Ìwádìí tí ó tẹ̀ lé èyí kì í ṣe ti ilẹ̀ òkèèrè nìkan. Ní ọdún 1970 sí 1980, ìlú Zaria di ọ̀kan nínú àwọn ibi tí gbogbo ayé ti ń kọ́ nípa àrùn yìí. Ní Yunifásítì Ahmadu Bello, Brian Greenwood, tí ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn, àti Hilton Whittle, pẹ̀lú àwọn oníṣègùn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, ń tọ́jú aláìsàn, wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀.

Ohun kan tí wọ́n kíyè sí yẹ kí a sọ. Nígbà mìíràn, aláìsàn tí ibà rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀, tí ọrùn rẹ̀ sì ti ń rọ̀, yóò tún ṣàdédé ṣubú sínú àìsàn mìíràn ní bí ọjọ́ karùn-ún sí ọjọ́ kẹsàn-án ìtọ́jú. Orúnkún tàbí ìgúnpá rẹ̀ yóò wú. Ojú rẹ̀ lè pọ́n. Egbò lè yọ sí i lára. Ìbẹ̀rù tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn ni pé oògùn kò ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1973, àwọn olùwádìí Zaria fi hàn pé kì í ṣe kòkòrò tí ó wà láàyè ni ó ń fa èyí. Àwọn ohun ìjà tí ara fúnra rẹ̀ ṣe láti fi gbéjà ko kòkòrò ni ó so mọ́ àjẹkù kòkòrò náà, tí wọ́n sì jọ dì sí oríkèé ara àti sí iṣan ẹ̀jẹ̀. Ogun ti parí, ṣùgbọ́n àwókù ogun ṣì ń ṣe ìlú léṣe. Nítorí náà, wíwú náà kò túmọ̀ sí pé a gbọ́dọ̀ sọ ìrètí nù tàbí pé oògùn ti kùnà. Ìmọ̀ yìí, tí a rí lẹ́bàá ibùsùn àwọn tálákà ní Zaria, wúlò fún oníṣègùn ní ibi gbogbo.

Ní Zaria kan náà ni wọ́n ti dán oògùn chloramphenicol wò, nítorí pé pẹnisílíìnì ń béèrè abẹ́rẹ́ lemọ́lemọ́, nọ́ọ̀sì kan kò sì lè gún ọgọ́rùn-ún aláìsàn lábẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́. Ní ọdún 1979, wọ́n tẹ àbájáde abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo jáde, èyí tí a pò mọ́ òróró kí ó lè pẹ́ lára. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, abẹ́rẹ́ olóròóró yìí ni a fi ń gba ẹ̀mí là ní àkókò àjàkálẹ̀ káàkiri ìgbànú náà. Ìgbà tí ìwádìí mìíràn ní ilẹ̀ Nìjẹ̀r, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2005, fi hàn pé abẹ́rẹ́ ceftriaxone kan ṣoṣo kò kéré sí i lágbára ni ceftriaxone bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò rẹ̀.

Wàyí o, kí a sọ̀rọ̀ ẹ̀wù. Kòkòrò yìí a máa wọ ẹ̀wù kan tí a fi irú ṣúgà kan hun, ẹ̀wù yìí ni kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun ara rí i mú. Oríṣiríṣi ni ẹ̀wù náà, lẹ́tà ni àwọn olùwádìí sì fi sọ wọ́n lórúkọ: A, B, C, W, X, Y. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti mọ ẹ̀wù A lè má mọ ẹ̀wù C rárá. Ní ọdún 1969, Emil Gotschlich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára láti ara ṣúgà ẹ̀wù yìí. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lára, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dáàbò bo àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún méjì.

Ní ìgbànú tiwa, ẹ̀wù A ni kòkòrò náà sábà máa ń wọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1975, àwọn olùwádìí Zaria kéde fún ayé pé àwọn ti rí ẹ̀wù C tí ó fa àjàkálẹ̀ ní agbègbè wọn. Kí ẹ̀yin òǹkàwé fi ọdún yìí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà sí i.

Àjàkálẹ̀ tí ó burú jù lọ nínú gbogbo èyí tí a ní àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà jà ní ọdún 1996. Ẹ̀wù A ni. Ènìyàn 109,580 ni a kọ sílẹ̀ pé ó mú, 11,717 sì kú. Àwọn tí wọ́n kú sílé tí a kò kọ sílẹ̀ kò sí nínú iye yìí. Ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Idris Mohammed, ó sì lé ní ènìyàn mílíọ̀nù mẹ́tàlá tí a gún lábẹ́rẹ́. Síbẹ̀, ó lé ní oṣù mẹ́ta kí ọwọ́ tó ká àrùn náà. Ẹni tí ó bá ń gbẹ́ kànga nígbà tí òùngbẹ ti ń gbẹ ẹ́ kò lè ṣe kí ó má jìyà.

Ní ọdún náà, ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ ní Kano tí a kò gbọdọ̀ gbójú fò. Ilé-iṣẹ́ oògùn Pfizer ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá dán oògùn tuntun kan tí ń jẹ́ Trovan wò lára àwọn ọmọdé tí àrùn náà mú ní ilé ìwòsàn àrùn ríranni. Igba ọmọ ni. Ọgọ́rùn-ún gba Trovan, ọgọ́rùn-ún yòókù gba ceftriaxone. Ọmọ mọ́kànlá kú, márùn-ún nínú àwọn ti ìṣáájú, mẹ́fà nínú àwọn ti ìkejì. Àwọn òbí kan sọ pé a kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni, ilé-iṣẹ́ náà sì sọ pé àrùn ni ó ṣe àwọn ọmọ náà ní jàǹbá, kì í ṣe oògùn. Ẹjọ́ náà pẹ́ ní ilé ẹjọ́. Ní ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ náà àti Ìjọba Ìpínlẹ̀ Kano parí rẹ̀ pẹ̀lú mílíọ̀nù márùndínlọ́gọ́rin dọ́là, láìgbà pé òun jẹ̀bi. Ohun tí owó kò lè tún ṣe ni ìgbẹ́kẹ̀lé. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Òkè Ọya kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ní ọdún 2003, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀ Kano yìí. Ìwádìí kò lè pẹ́ ní ìlú tí a kò bá ti gba àṣẹ àwọn onílùú ní èdè tí wọ́n gbọ́.

Lẹ́yìn ìparun ọdún 1996, àwọn ìjọba Áfíríkà béèrè abẹ́rẹ́ tí ó dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní ọdún 2001, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ẹgbẹ́ PATH bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó àwọn Gates. Serum Institute ti ilẹ̀ Íńdíà gbà láti ṣe é, kí ìkọ̀ọ̀kan má sì tó ààbọ̀ dọ́là. Ọgbọ́n tí wọ́n lò ni pé wọ́n so ṣúgà ẹ̀wù A mọ́ èròjà tí a ti mọ̀ nínú àjẹsára àrùn ipá, kí ara má baà tún gbàgbé rẹ̀. MenAfriVac ni wọ́n pè é. Ní oṣù kejìlá ọdún 2010, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi fún àwọn ènìyàn ní Burkina Faso, Mali àti Nìjẹ̀r. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2011. Àbájáde rẹ̀ ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu: ẹ̀wù A, tí ó ti ń dẹ́rù ba ilẹ̀ ọ̀dàn láti ọjọ́ pípẹ́, fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun àwátì.

Ṣùgbọ́n kòkòrò kò kú tán. Àmì ti wà tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2000, ẹ̀wù W jà láàárín àwọn tí wọ́n lọ sí Mẹ́kà. Ní ọdún 2002 ó jà ní Burkina Faso. Ní ọdún 2006, ẹ̀wù X jà ní Nìjẹ̀r. Ní ọdún 2013, ẹ̀wù C tún yọjú ní ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016 ó bẹ̀rẹ̀ ní Zamfara, ó sì ràn dé Sokoto, Katsina àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. Kí òjò tó lé e lọ ní ọdún 2017, ó lé ní ènìyàn 14,000 tí a fura sí pé ó mú, ó sì lé ní 1,100 tí ó kú. Abẹ́rẹ́ tí ó bá ẹ̀wù C mu wọ́n bí ojú ní gbogbo ayé. Oṣù kẹrin ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí díẹ̀ gbà, nígbà tí a ti ń sin òkú. Bẹ́ẹ̀ ni Zaria ti rí ẹ̀wù C yìí, tí ó sì ti kéde rẹ̀, ní ọdún 1975, ọdún méjìlélógójì ṣáájú.

Ibi tí abẹ́rẹ́ tuntun ti ọdún 2024 gbà wúlò ni èyí. Ẹ̀wù márùn-ún ni ó mọ̀: A, C, W, X àti Y. Àwọn tí wọ́n ṣe MenAfriVac náà ni wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tí ó wà nínú ẹ̀rọ amóhuntutù ní Abuja kò lè dáàbò bo ọmọ tí ó wà ní abúlé kan lẹ́bàá Gusau. A gbọdọ̀ gún un kí ọyẹ́ tó dé. Àwọn ilé àyẹ̀wò wa gbọdọ̀ lè sọ láàárín ọjọ́ mélòó kan irú ẹ̀wù tí ó wà nínú omi tí a fà láti ẹ̀yìn aláìsàn, kí a má baà fi kọ́kọ́rọ́ ilé kan ṣí ilẹ̀kùn ilé mìíràn. Oògùn ceftriaxone gbọdọ̀ ti wà ní ilé ìwòsàn kékeré, kì í ṣe ní olú-ìlú nìkan, nítorí pé wákàtí ni àrùn inú ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ọjọ́.

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé àwọn tí wọ́n yè. Ẹnì kan sí méjì nínú mẹ́wàá nínú àwọn tí àrùn náà kò pa ni ó ń fi àbùkù sílẹ̀ fún. Etí àwọn kan di pátápátá. Wárápá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn kan. Àwọn kan kò lè kọ́ ẹ̀kọ́ bí ẹgbẹ́ wọn mọ́. Àwọn kan pàdánù ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀. Ọmọ ọdún méjì tí etí rẹ̀ di kí ó tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ yóò yadi pẹ̀lú, bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ́ ọ ní èdè ọwọ́. Nígbà tí ìwé ìròyìn bá kọ ọ́ pé àjàkálẹ̀ ti parí, fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ó yẹ kí a máa yẹ etí gbogbo ọmọ tí ó bá bọ́ lọ́wọ́ yínrùnyínrùn wò kí ó tó kúrò ní ilé ìwòsàn, kí ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití sì wà tí òbí tálákà lè rán an lọ.

Àwọn kan ní ìhà gúúsù lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Òkè Ọya nìkan ni èyí. Ìtàn kò gbà pẹ̀lú wọn. Àwọn ọmọ Yorùbá àti Igbo ń gbé ní Sabon Gari ní Kano àti ní Zaria láti ìgbà ọkọ̀ ojú irin. Bí ẹran àti àlùbọ́sà ti ń bá ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá sí Ìbàdàn àti Èkó, bẹ́ẹ̀ náà ni ènìyàn ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Àrùn tí ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe.

Àwọn orílẹ̀-èdè ayé ti pinnu ní ọdún 2020 láti borí àrùn yìí kí ọdún 2030 tó parí. Ìpinnu tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ìgbà tí òjò ń rọ̀, tí kò sí ẹni tí ó ń kú, tí ìwé ìròyìn kò sọ̀rọ̀ rẹ̀, gan-an ni ìgbà tí a gbọ́dọ̀ pín owó, kí a ka abẹ́rẹ́, kí a kọ́ nọ́ọ̀sì, kí a sì bá àwọn baálẹ̀, àwọn ìmáàmù àti àwọn ìyá ọmọ sọ̀rọ̀. Láti ọdún 1905 ni àrùn yìí ti ń sọ fún wa ìgbà tí yóò dé. Ẹni tí àlejò rẹ̀ bá ránṣẹ́ ṣáájú, tí ó sì tún bá a lójú oorun, kò ní ẹni tí yóò dá lẹ́bi.